Boom pole lẹ́yìn katakata kékeré: kí ló lè gbé ní tòótọ́?

Àgbẹ̀Kuje

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Katakata 28 hp ló wà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé 800 kg. Oko wà lọ́nà Rubochi, owó tí oníkíréènì yóò gbà kó tó wọ ibẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ohun tí a fẹ́ máa gbé kò pọ̀: dúrọ́ọ̀mù epo dísẹ́ẹ̀lì 200 lítà láti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù wálẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kan tí wọ́n kọ 220 kg sí lára, àti ìtì igi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Wẹ́dà kan ní Dei-Dei ní òun lè fi páìpù omi ínṣì méjì ṣe boom pole (òpó irin tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata láti fi gbé ẹrù) oní-mítà mẹ́ta fún wa, pé bó bá ṣe gùn tó ni ọwọ́ rẹ̀ á ṣe nà tó. Ṣé páìpù yẹn á gbà á? Ṣé mo lè fọkàn tẹ 800 kg tí ìwé wí? Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?

---

Mẹkáníìkì_Gwagwa

Ọ̀gá Àgbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti 800 kg yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Etí apá ìsàlẹ̀ méjèèjì tó ń gbé nǹkan lẹ́yìn katakata, níbi bọ́ọ̀lù tí píìnì ń gbà wọlé, ni wọ́n ti sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń wọ̀n ọ́n ní 610 mm sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ tún ìwé yín yẹ̀ wò. Èyíówù kó jẹ́, orí òpó kọ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ lè wá tiyín fúnra yín. Ẹ so òpó mọ́ ọn láìsí ẹrù, ẹ gbé e láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá. Ẹ wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe gòkè tó, kí ẹ wọn bí ìkọ́ orí òpó náà ṣe gòkè tó. Bí bọ́ọ̀lù bá gòkè 50 cm tí ìkọ́ sì gòkè 120 cm, 800 × 50 ÷ 120, ó di nǹkan bíi 330 kg. Ẹ ṣì máa yọ ti òpó fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ háídírọ́líìkì kọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ pé ó tó. Iwájú katakata ni. Táyà ẹ̀yìn dà bí òkúta tí wọ́n gbé pákó lé lórí: iwájú katakata wà ní apá kan, ẹrù yín wà ní apá kejì. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí táyà ẹ̀yìn tó ni iwájú á ṣe fúyẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká fi katakata tó wọn 1,100 kg ṣírò rẹ̀. 450 kg nínú rẹ̀ ló wà lórí táyà iwájú. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 1.6. Láti àárín táyà ẹ̀yìn dé bọ́ọ̀lù jẹ́ 0.7. Bí òpó bá jẹ́ mítà 1.7, ẹrù wà ní 2.4 sẹ́yìn. 2.4 ÷ 1.6 jẹ́ 1.5, ìyẹn ni pé kìlò kan tí ẹ bá fi kọ́ orí òpó, kìlò kan ààbọ̀ ló ń kúrò lórí táyà iwájú. Òpó tó wọn 45 kg á ti yọ nǹkan bíi 39 kg kí ẹ tó fi ohunkóhun kọ́ ọ. Ó sì yẹ kí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo katakata, 220 kg níhìn-ín, ṣì wà níwájú kí stíárìn lè gbọ́ràn. 450, ẹ yọ 39, ẹ yọ 220, ó ku 191. Ẹ pín in sí 1.5: 127 kg.

Ohun tí irú katakata yẹn lè gbé láìfi ẹ̀mí wewu nìyẹn. Tí ẹ bá dé nǹkan bíi 274 kg, táyà iwájú ti kúrò nílẹ̀, háídírọ́líìkì kò sì ní ké.

Ti mítà mẹ́ta tí wẹ́dà yín ń sọ wá ńkọ́? Ìṣirò kan náà, òpó náà á sì wúwo sí i, ohun tó máa kù fún yín jẹ́ nǹkan bíi 70 kg. Àpò ajílẹ̀ kan ṣoṣo ti gba 50 nínú ẹ̀.

Nọ́ńbà tiyín yóò yàtọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù, ẹ gun táyà iwájú nìkan sórí ìwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ gun gbogbo rẹ̀. Owó kékeré ni.

---

WẹdaDeiDei

Ẹni tó ní kí wọ́n fi páìpù omi ṣe é kò fẹ́ràn yín, kódà bó jẹ́ pé ẹgbẹ́ mi ni.

Páìpù omi ínṣì méjì, láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn 60 mm ni, ara rẹ̀ sì nípọn tó 3.6 mm bó bá jẹ́ medium, èyí tó wà láàárín fífúyẹ́ àti wíwúwo. Ní mítà 1.7, bí ẹrù bá ti ń tó 100 kg ló ti ń tẹ̀, kò sì ní padà sípò mọ́. Ní mítà mẹ́ta, kò ní tó 60 kg. Ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́ ni mo ń wí o. Tí katakata bá gbọ̀n wọnú kòtò kan, agbára tó ń bọ̀ lórí òpó lè di ìlọ́po méjì.

Irin onígun mẹ́rin 80 × 80, tí ara rẹ̀ jẹ́ 5 mm, ni kí ẹ rà. Ní mítà 1.7 ó gba 200 kg, ó sì gba ìlọ́po méjì ìgbọ̀n yẹn láìtẹ̀. 60 × 60 × 4 kò gbà á. Ẹ mú calliper (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó) dání lọ sọ́jà, ẹ wọn ẹnu irin níbi tí wọ́n gé e sí, ẹ má fi ẹnu ẹni tó ń tà á ṣe ìwọ̀n.

Férémù ẹ̀yìn: Category 1 (ìwọ̀n píìnì àti apá ẹ̀yìn katakata) ni katakata yín máa jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wọn ihò bọ́ọ̀lù kó dáa lójú. Píìnì ìsàlẹ̀ 22 mm, ti òkè 19 mm. Bí ihò ìsàlẹ̀ bá gba píìnì 28 mm, Category 2 nìyẹn, ẹ wá búṣì tó máa dín in kù. Láti èjìká píìnì ìsàlẹ̀ kan sí èkejì, 683 mm. Láti píìnì ìsàlẹ̀ dé ti òkè, 460 mm. Ẹ ra píìnì tí wọ́n ṣe fún katakata. Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé tí wọ́n gé kì í ṣe píìnì, ó máa ń já láìkìlọ̀.

Ibi tí òpó ti pàdé férémù ni agbára pọ̀ sí jù. Pléètì onígun mẹ́ta, 8 mm, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tún fi irin kan tì í láti orí férémù wá sí àárín òpó. Ẹ lo ẹlẹ́kitíróòdù 7018 gauge 10, kó gbẹ dáadáa. Èyí tí òjò ti rọ̀ sí lára máa ń fi ihò sínú wẹ́dì. Tí ẹ bá fẹ́ lu ihò sára òpó, àárín ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ lu ú sí. Ihò tó bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ òpó ni irin á gbà ya.

Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ojú ìkọ́ méjì sí i: ọ̀kan ní mítà 1.2, ọ̀kan ní 1.7.

---

OkoLáàrọ̀

Ẹ rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táyà. Katakata á wúwo, kò ní dìde mọ́.

---

Mẹkáníìkì_Gwagwa

Bọ̀dá OkoLáàrọ̀, ó máa wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Òkúta tó wà lábẹ́ pákó ni ẹ ń bu omi sí. Ìwúwo tó bá jókòó sórí táyà ẹ̀yìn gan-an kò ti iwájú mọ́lẹ̀ rárá, torí orí táyà yẹn ni katakata ń yí sí bó bá fẹ́ dìde. Omi táyà dára fún ìtulẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí katakata fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kó má yára dojú dé lórí ilẹ̀ tó dagun. Ti iwájú tó ń dìde, imú ló ń fẹ́ ẹrù.

Irin wéètì mẹ́rin, 25 kg kọ̀ọ̀kan, tí ó wà ní 60 cm níwájú táyà iwájú: 100 kg yẹn á fi nǹkan bíi 137 kg kún táyà iwájú, torí ó yọ síwájú. Nínú ìṣirò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan, 127 á di nǹkan bíi 205 ní ìkọ́ 1.7. Ní ìkọ́ 1.2 tí WẹdaDeiDei dá lábàá, á lé díẹ̀ ní 250. Ìmọ̀ràn rẹ̀ yẹn dára gan-an ni.

---

Àgbẹ̀Kuje

Ẹ ṣé gan-an ni, ojú mi ti là. Mo ti sọ fún wẹ́dà yẹn pé kó fi páìpù rẹ̀ fa omi.

Dúrọ́ọ̀mù epo ńkọ́, kí ni kí n ṣírò rẹ̀ sí? Báwo ni ẹ ṣe ń gbé e kúrò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ẹnì kan sì sọ fún mi pé boom pole dára fún fífa kùkùté.

---

Mẹkáníìkì_Gwagwa

Ti kùkùté ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń pa ènìyàn. Òkè ni boom pole wà sí irin tí táyà ẹ̀yìn ń yí lé. Bí ẹ bá fi ṣéènì so orí rẹ̀ mọ́ ohun tí kò fẹ́ kúrò, tí ẹ wá fi jíà sí i, táyà ẹ̀yìn á dúró, katakata á máa gun ara rẹ̀, iwájú á dìde, á sì yí lé awakọ̀ lórí. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ẹsẹ̀ ò ní tíì dé clutch. Ohun tí a bá fẹ́ fà, drawbar, irin ìfà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn katakata, ni à ń so ó mọ́. Ìtì igi pẹ̀lú, ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ drawbar, ẹ wọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè sínú ọkọ̀, ẹ rántí pé igi tútù wúwo: ìtì tó fẹ̀ ní 30 cm tó gùn ní mítà méjì lè tó 140 kg tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dúrọ́ọ̀mù: epo dísẹ́ẹ̀lì kì í wúwo tó omi, lítà kan jẹ́ nǹkan bíi 0.84 kg. 200 lítà jẹ́ 168 kg, ẹ fi dúrọ́ọ̀mù òfìfo kún un, nǹkan bíi 185 kg. Ìkọ́ 1.2 ni kí ẹ lò, pẹ̀lú wéètì níwájú.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí katakata dúró sí. Ní àsìkò òjò, tí táyà ẹ̀yìn kan bá rì 5 cm, òpó á ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yọ ṣáfùtù PTO (èyí tó ń gbé agbára ẹ̀rọ lọ sí irinṣẹ́ ẹ̀yìn) kúrò. Ẹ fún ṣéènì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ń di apá ìsàlẹ̀ mú le, títí tí ẹ bá fi ọwọ́ ti òpó tí kò fi ní ju ọ̀tún sí òsì mọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń fo èyí torí wọn kì í fún un le fún ìtulẹ̀.

Bí katakata yín bá ní ọ̀pá ìgbéga méjì, position (èyí tó ń dá apá dúró síbi tí ẹ bá gbé e dé) ni kí ẹ lò, kì í ṣe draft. Draft máa ń gbọ́ agbára tó wà lórí top link, ìyẹn apá òkè tó so férémù mọ́ katakata, òpó sì máa ń fa top link sẹ́yìn gan-an, nítorí náà ó lè gbé tàbí sọ ẹrù kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fún top link kúrú kí orí òpó lè gòkè. Ẹnu ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ga tó 80 cm, dúrọ́ọ̀mù ga tó 88 cm, ṣéènì ìgbédúrọ́ọ̀mù á gba 30 sí 40 cm lórí ìyẹn. Ìkọ́ ní láti dé nǹkan bíi mítà méjì sílẹ̀. Bí ìkọ́ 1.2 kò bá débẹ̀, ẹ má sáré lọ sí ìkọ́ 1.7 torí gíga. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ fún píkọ́ọ̀pù kó wọ ibẹ̀.

Okùn ọ̀rá àárín dúrọ́ọ̀mù kò dára, ó máa ń yọ́ kúrò. Ṣéènì tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù ni, èyí tí ìkọ́ rẹ̀ ń mú etí òkè dúrọ́ọ̀mù. Ìkọ́ orí òpó gbọ́dọ̀ ní ahọ́n tó ń pa á dé. Shackle (irin ìsopọ̀ onípíìnì) ínṣì 1/2 gba tọ́ọ̀nù méjì, ó tó. Ṣéènì tí ẹ bá lò, grade 80 ni kó jẹ́, 8 mm. Grade 70 wà fún dídi ẹrù mọ́ ọkọ̀, kò wà fún gbígbé.

Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kúrò ní píkọ́ọ̀pù ní 5 cm péré, kí ẹ dúró. Ẹ wo táyà iwájú. Ẹ yí stíárìn díẹ̀. Bó bá ti fúyẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá dúró dáadáa, píkọ́ọ̀pù ni kó sún síwájú kúrò lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe katakata. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ẹrù wálẹ̀ títí ó fi ku 30 cm sí ilẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ gbé e rìn, ẹ fi jíà tó kéré jù lọ rìn, ẹnì kan fi okùn di dúrọ́ọ̀mù mú láti ẹ̀gbẹ́ kó má máa fì, kò sì gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni láàárín dúrọ́ọ̀mù àti katakata. Tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ fi ẹ̀yìn gùn ún.

Bí iwájú bá dìde nígbà tí ẹ ń rìn, ẹ tẹ clutch, ẹ fi ọ̀pá sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ kún un.

---

Ìyá_Adìẹ_Bwari

Àbúrò Àgbẹ̀Kuje, fún jẹnẹrétọ̀ yẹn, ẹ fi katakata sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tó jókòó síbì kan fún ọdún márùn-ún, kí lẹ fẹ́ fi òpó gbé kiri fún?

Ẹ ra tàbí ẹ yá ṣéènì búlọ́ọ̀kù (ẹ̀rọ ìgbẹ́rù tí a ń fi ọwọ́ fa ṣéènì rẹ̀) tọ́ọ̀nù kan. Páìpù mẹ́ta, mítà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bóòtì so orí wọn pọ̀, ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi ṣéènì yí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká kí wọ́n má bàa yà. Páìpù omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe boom pole fún yín wúlò níbí, torí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ ẹ́, kì í tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ́ jẹnẹrétọ̀ láti ojú ìgbéga tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Píkọ́ọ̀pù wọlé, ẹ gbé e sókè 10 cm, píkọ́ọ̀pù jáde, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ibùjókòó rẹ̀ ní mìlímítà-mìlímítà. Katakata kò lè sọ nǹkan kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì tún kù: tí ẹ bá pa ẹ̀rọ katakata, ẹrù lè máa rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí sílì inú háídírọ́líìkì bá ti ń jò. Ṣéènì búlọ́ọ̀kù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

---

WẹdaDeiDei

Ìyá wa sọ òótọ́. Bóòtì tó máa so orí mẹ́ta yẹn, 20 mm, grade 8.8. Kí ẹsẹ̀ má yà ju bí píkọ́ọ̀pù ṣe nílò láti wọlé lọ.

---

Àgbẹ̀Kuje

Ẹ ṣeun, mà. Jẹnẹrétọ̀ ti bọ́ sábẹ́ ṣéènì búlọ́ọ̀kù. Òpó 1.7 onírin 80 × 80 × 5 la máa ṣe fún dúrọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ojú ìkọ́ méjì. Kò sí ibi ìwọ̀n ọkọ̀ nítòsí wa. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè fi mọ ti katakata tiwa?

---

Mẹkáníìkì_Gwagwa

Ó wà. Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù òfìfo kọ́ ìkọ́ 1.7, láìsí wéètì níwájú, kí ìdí rẹ̀ ga sí ilẹ̀ ní 10 cm péré. Bí iwájú bá dìde, dúrọ́ọ̀mù á fi ìdí kanlẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni kan jókòó sórí katakata kó di bẹ́líìtì, bí katakata bá ní irin àbò tó ga lẹ́yìn ìjókòó. Bí kò bá ní in, kó má di bẹ́líìtì.

Ẹ máa da omi sí i ní jẹ́rí-kéènì 20 lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 20 kg. Láti ibi tó jìnnà ni kí ẹ fi họ́ọ̀sì dà á, kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ òpó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, níbi tó ti fẹ̀ lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn jẹ́rí-kéènì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bí táyà ṣe ń yíká padà, ẹ sì yí stíárìn. Níbi tó bá ti fẹ́ fò kúrò nílẹ̀, ẹ dúró, ẹ ka iye jẹ́rí-kéènì, ẹ fi 18 kg ti dúrọ́ọ̀mù kún un. Ìdajì rẹ̀ ni ẹrù tí ẹ lè gbé ní ìkọ́ yẹn. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kún tí táyà ṣì jókòó, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ni kí ẹ mú, nǹkan bíi 110 kg.

Lẹ́yìn náà ẹ so wéètì mọ́ iwájú, ẹ tún un ṣe ní ìkọ́ 1.2. Ẹ fi àwọ̀ pupa kọ nọ́ńbà méjèèjì sára òpó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Dúrọ́ọ̀mù omi kan kò lè fi ju nǹkan bíi 110 kg hàn, kò dé 185 kg, nítorí náà ẹ fa ìlàjì epo jáde sínú dúrọ́ọ̀mù mìíràn kí ẹ tó gbé e, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù tó kún dé ìlàjì máa ń fì ju èyí tó kún lọ. Ẹni tó di okùn ìdarí mú ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

---

WẹdaDeiDei

Kí wẹ́dà yín má gbàgbé ihò fún píìnì kékeré tó ń ti píìnì ńlá pa. Ẹ ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń sọnù sínú koríko.